Bàbà Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ní ọdún 2011, bàbá mi ra ọkọ̀ ojú omi kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ìyá mi kò sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Oúnjẹ kò wọ́n nílé, aṣọ sì ń di fífọ̀, ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, èmi ni wọ́n ń rán. "Kíkẹ́, lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Bàbá mi á dáhùn láti orí àga tí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí wa lọ pé, "Sọ fún ìyá rẹ pé mo gbọ́."

Ohun tó fa ìjà náà kò farasin. Ìyá mi ti ń retí pé owó tí bàbá mi fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà kó jọ ni a ó fi parí ilé tí a bẹ̀rẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, tí kò tíì ní òrùlé. Bàbá mi mú owó náà, wọ́n fi ra ọkọ̀. Nígbà tí ìyá mi wá lanu sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìyá mi ní, "Ilẹ̀ ni wọ́n ní kó tẹ̀, Bàbá Kíkẹ́. Wọn ò ní kó lọ máa gbé inú omi." Wọ́n sì búra pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní kan ọkọ̀ náà láéláé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi. Omi tó bá ti pọ̀ ju èyí tó lè wọ inú garawa lọ, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n. Ní ti bàbá mi, etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n dàgbà sí, bàbá tó bí wọn sì ní ọkọ̀ igi méjì tó fi ń pẹja. Wọ́n máa ń sọ pé kì í ṣe òtútù ló ń dun àwọn jù ní Lọ́ńdọ̀nù, bí kò ṣe omi tí àwọn ń wa bọ́ọ̀sì gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, tí àwọn kò sì lè fọwọ́ kàn.

Lee Navigation ni orúkọ omi náà. Apá kan rẹ̀ jẹ́ odò àbáláyé, apá kan sì jẹ́ kánààlì, ìyẹn odò tí àwọn ènìyàn fọwọ́ gbẹ́ kí ọkọ̀ ẹrù lè máa gbà á kọjá láyé àtijọ́. Láti ìlú Hertford ló ti ṣàn wá sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gùn ju máìlì 25 lọ. Lónìí, àwọn tó ń gbafẹ́ àti àwọn tó sọ ọkọ̀ di ilé ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga ju ibòmíràn lọ, wọ́n ṣe lọ́ọ̀kì síbẹ̀. Lọ́ọ̀kì dà bí yàrá tí kò ní òrùlé, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Bí a bá ń gòkè lọ, ọkọ̀ á wọlé, a ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ó sì jẹ́ kí omi máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láti òkè títí ọkọ̀ yóò fi ga dọ́gba pẹ̀lú omi iwájú. Nígbà náà la ó tó ṣí ilẹ̀kùn kejì. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè, omi fúnra rẹ̀ ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé bàbá mi ló ń pidán.

Òfin lórí ọ̀pọ̀ kánààlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ sáré ju máìlì 4 lọ ní wákàtí kan. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń bá aago sáré nínú bọ́ọ̀sì láti ìgbà tí n kò tíì dáyé, wá di ẹni tí ìyá arúgbó tó ń fa ajá létí omi máa ń kọjá, tí yóò sì juwọ́ sí wọn. Inú wọn sì ń dùn sí i.

Ọkọ̀ wa gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30. Ó ní ibùsùn méjì, ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè dúró sí lẹ́ẹ̀kan náà, àti ẹ́ńjìnnì dísẹ̀ẹ̀lì kan tó ń kọ́ ikọ́ bí àgbàlagbà láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni ara rẹ̀. Irin ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ tó wà ní èbúté wa. Alumíníọ̀mù ni tiwa. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìsọ ọ́. Ìkòkò alumíníọ̀mù kan wà ní Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n á sọ, èyí tí ìyá àwọn fi ń se ìrẹsì ọdún kí wọ́n tó bí àwọn, tó ṣì wà dòní, tí kò sì dógùn-ún. Àwọn tó ní ọkọ̀ irin gbọ́dọ̀ máa gbé e jáde kúrò nínú omi ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta síra, kí wọ́n ha ìdí rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún kí ó má baà dógùn-ún. Tiwa kò nílò ọ̀dà dúdú. Ìwúwo alumíníọ̀mù jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo irin, nítorí náà ọkọ̀ wa kì í rì wọnú omi púpọ̀, ó sì lè dé ibi tí omi kò ti jìn. (Àléébù ibẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ewé lásán ni. Àìmọye ìgbà la ti fi imú ọkọ̀ wọ inú igbó etí omi, tí bàbá mi á sì ní àwọn fẹ́ wo ẹyẹ kan ni.)

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé ohun tí kò dógùn-ún kò ní àìsàn, kò tíì ní ọkọ̀ alumíníọ̀mù. Àìsàn rẹ̀ ni pé kì í fẹ́ kí irin mìíràn sún mọ́ ọn nínú omi. Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra níbi tí omi wà, ṣe ni wọ́n máa ń di bátìrì: iná díẹ̀ á máa ṣàn láàárín wọn, èyí tí agbára rẹ̀ kéré nínú méjèèjì á sì máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Alumíníọ̀mù ló sì máa ń pàdánù nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú ìjà bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, wọ́n so àwọn èèkù magnẹ́síọ̀mù mọ́ ìdí ọkọ̀ wa lábẹ́ omi. Agbára magnẹ́síọ̀mù tún kéré sí ti alumíníọ̀mù, nítorí náà òun ni omi máa ń jẹ dípò ọkọ̀. Bàbá mi ń pè wọ́n ní ẹbọ. Bí ẹbọ bá ti jẹ dé ìdajì, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ omi tó jẹ́ idẹ, a fi rọ́bà tàbí ike sí àárín òun àti ara ọkọ̀. Ọ̀dà kan wà tí àwọn ọlọ́kọ̀ inú òkun fi ń kun ìdí ọkọ̀ kí ewédò má baà hù sí i, tí wọ́n po bàbà mọ́; ẹni tó bá kùn ún sí ọkọ̀ alumíníọ̀mù ti bà á jẹ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi rèé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá mi mú mi wọ ọkọ̀, wọ́n ka òfin fún mi: má sáré lórí ọkọ̀, má bọ́ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó, má sì jẹ́ kí bàbà wọ inú ọkọ̀ yìí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí mi sí. Yorùbá tí mo gbọ́ kò ju ti ilé ìdáná àti ti ìbáwí lọ, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ sì máa ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo wo ojú wọn, mo ní, "Bàbá kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọkọ̀? Ẹ̀yin ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn lórí fóònù, wọ́n sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ohun tí bàbà jẹ́ fún mi, ojú sì ń tì mí, n kò béèrè. Mo gbà pé ohun kan tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ni.

Ní ọdún kejì, ilé ìwé mú wa lọ wo ọgbà kan tó ní ìsun omi láàárín. Ẹyọ owó kún ìsàlẹ̀ omi náà. Olùkọ́ wa sọ pé àwọn ènìyàn máa ń ju owó sínú omi, wọ́n á sì tọrọ ohun kan. Kí ni èmi fẹ́ tọrọ? Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: kí ìyá mi wá wọ ọkọ̀. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ náà, mo sì fẹ́ràn ìyá mi, ó sì ń dùn mí pé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé tí èmi àti bàbá mi bá lọ sùn níbẹ̀, ìyá mi á dúró lójú fèrèsé, wọn kò ní juwọ́.

Ìgò kọfí kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé wa tí bàbá mi ń ju àwọn pẹ́nì pupa inú àpò wọn sí kí wọ́n tó lọ sí ọkọ̀. N kò bi ara mi léèrè ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, mo máa ń mú ẹyọ kan níbẹ̀. Lábẹ́ ibùsùn mi nínú ọkọ̀, pákó ìtẹ́lẹ̀ méjì kò pàdé dáadáa, omi díẹ̀ sì máa ń dán ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Mo máa ń ju pẹ́nì náà sí àlàfo yẹn, mo á di ojú, mo á tọrọ. Mo ń kọ iye rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi. Nígbà tó di mẹ́tàlélógún tí ìyá mi kò sì wá, mo gbà pé omi abẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe irú omi tó ń gbọ́ àdúrà, mo sì jáwọ́.

Ọdún 2017 ni pọ́ńpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lóru. Iṣẹ́ pọ́ńpù náà ni láti fa omi tó bá wọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde. Tẹ́lẹ̀, a lè lo oṣù kan láìgbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wá di ojoojúmọ́, bátìrì á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá mi kọ́kọ́ rò pé omi ibi ìfọwọ́ ni, nítorí pé páìpù rẹ̀ ti ń jò lọ́jọ́ tó ti pẹ́, tí omi ìfọbọ̀, pẹ̀lú iyọ̀ àti ọṣẹ, ń lọ sí abẹ́ pákó. Wọ́n dí i, pọ́ńpù kò dákẹ́. Ni wọ́n bá dojú kọ aládùúgbò wa.

Bàbá òyìnbó kan ni, tó ń dá gbé inú ọkọ̀ irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Wọ́n jọ máa ń mu tíì láàárọ̀ Sátidé, òun ló sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ yọ ọ̀rá àti okùn tó bá wé mọ́ abẹ ẹ́ńjìnnì lábẹ́ omi, pé kí wọ́n kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ méjì bá gba iná mànàmáná láti etí omi, wáyà ilẹ̀ tó wà nínú okùn iná náà máa ń so wọ́n pọ̀, ọkọ̀ irin àti ọkọ̀ alumíníọ̀mù á sì di bátìrì ńlá kan. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń dí ọ̀nà mọ́ iná bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ní ọkùnrin náà kò ní i, àti pé òun ló ń jẹ ọkọ̀ àwọn. Ọkùnrin náà ní òun ní i. Ohùn lọ sókè. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́.

A gbé ọkọ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kéréènì gbé e jáde, wọ́n gbé e lé orí igi. Ní ọjọ́ Sátidé, ọ̀gá kan tó ń yẹ ọkọ̀ wò wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń wọn bí irin ṣe nípọn sí. Ihò kan wà tí kò tóbi ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Yí ihò náà ká, alumíníọ̀mù ti fẹ́lẹ́ ní ojú ibi mélòó kan, ṣùgbọ́n gbogbo ìdí ọkọ̀ yòókù le koko, àwọn ẹbọ sì wà nípò wọn. Ọ̀gá náà mi orí. Ó ní bó bá jẹ́ iná láti òde ni, kì í jẹ ojú kan ṣoṣo báyìí. Ó ní kí bàbá mi tú ibùsùn àti pákó ìtẹ́lẹ̀, kí wọ́n wo inú. Bàbá mi ní ó di Sátidé tó ń bọ̀. Mo dúró tì wọ́n, n kò sì tíì mọ ohunkóhun. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí.

Ní ọjọ́ Túsìdeé, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kó ọsàn wẹ́wẹ́ wá sí kíláàsì. Ó fi ẹyọ pẹ́nì kan àti ìṣó onísíǹkì kan gún ọsàn kọ̀ọ̀kan, ó fi wáyà so wọ́n pọ̀, gílóòbù kékeré kan sì tàn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé pé síǹkì ló ń jẹ kí iná náà lè tàn, bàbà kì í jẹ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, n kò ro ohunkóhun. Nígbà tí mo délé, bàbá mi ń bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ó ní àfi bí bàbà bá wà lábẹ́ ibẹ̀. Báwo ni bàbà ṣe máa débẹ̀?" Mo dúró dè wọ́n títí wọ́n fi gbé fóònù sílẹ̀. Mo ní, "Bàbá mi, kí ni bàbà?" Wọ́n nawọ́ sí ìgò kọfí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láìbojú wẹ̀yìn. "Ohun tó wà lára pẹ́nì wọ̀nyẹn."

N kò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. N kò jẹ ti Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá mi ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n ní kí n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìsun omi dé orí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò. Mo rò pé wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣe é, kí a ta ọkọ̀ náà kíá, nítorí bàbá mi ti ń sọ̀rọ̀ títà. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá béèrè pé, "Kí lo ń tọrọ?"

Mo ní, "Pé kí ẹ wá wọ ọkọ̀."

Wọ́n dìde, wọ́n da omi sínú ìkòkò, wọ́n tan iná sí i, wọn kò sì gbé nǹkan kan lé e.

Ní Sátidé, èmi àti ìyá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Bàbá mi ti wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n rí ìyá mi, wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú nílé. Ìyá mi ní, "Ọmọ yín fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀." Mo kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ ọ́. Bàbá mi kò gbá mi létí, wọn kò sì pariwo. Wọ́n ní, "Mélòó?" Mo ní mẹ́tàlélógún. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o kò béèrè ohun tí bàbà jẹ́ lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín."

Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rìn jáde, a sì rí i pé ọ̀nà èbúté ni wọ́n gbà. Ó tó wákàtí kan kí wọ́n tó padà, òyìnbó aládùúgbò wa sì ń tẹ̀ lé wọn bọ̀ pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé, àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Ìyá mi ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti ká gèlè kúrò lórí, wọ́n ti gun àkàbà, wọ́n ti wo ilé ìdáná, wọ́n ní ó dọ̀tí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìyá mi wọ ọkọ̀ bàbá mi nìyẹn, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọkọ̀ náà sì wà.

A tú ibùsùn, a ṣí pákó. Aládùúgbò wa so òòfà mọ́ okùn, ó ń rì í sínú omi dúdú náà bí ẹni ń pẹja. Pẹ́nì tuntun ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí irin ni inú wọn, bàbà wulẹ̀ bò wọ́n lára ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe kí ó tó di ọdún 1992 kò gbọ́ ti òòfà, ọwọ́ la fi wá wọn. Ọwọ́ ìyá mi ló tín-ín-rín jù, àwọn ni wọ́n dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń tọwọ́ bọ abẹ́ egungun ọkọ̀. Níbi tí pẹ́nì kọ̀ọ̀kan bá wà, ẹ̀tù funfun ti yí i ká, bí a bá sì nù ún kúrò, kòtò kékeré á wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo wẹ́dà ló lè jó alumíníọ̀mù. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà lára rẹ̀ tí kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 2,000 lórí ìwọ̀n Sẹ́ẹ̀síọ̀sì, nígbà tí alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ti ń yọ́ ní 660. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ ha awọ yẹn kúrò á kàn jó ihò ńlá sí i ni. A wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gé ibi tó ti jẹ, ó fi tuntun dí i. Iye tó gbà pọ̀. Ìyá mi wo ìwé owó náà, wọ́n ní òrùlé ilé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn sọ̀rọ̀ títà mọ́, pé àwọn náà ti ní ìpín níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ padà sómi, wọ́n gbé móínmóín mẹ́fà lọ fún aládùúgbò wa. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n di irin ẹ̀gbẹ́ mú gírígírí títí a fi kọjá lọ́ọ̀kì kan, wọ́n sì ní kí a sọ àwọn kalẹ̀. Títí dòní, wọn kò tíì sùn nínú rẹ̀.

Méjìlélógún ni pẹ́nì tí a rí. Ní ìgbà ìrúwé ọdọọdún, kí a tó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí a tó wo ẹbọ ìdí ọkọ̀, bàbá mi máa ń ṣí pákó abẹ́ ibùsùn mi, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Kíkẹ́, ẹyọ kan kù." Màá dùbúlẹ̀, màá sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.